Ọ̀bẹ Àpò: Irin Tó Yẹ Ká Rà àti Bó Ṣe Yẹ Ká Pọ́n Ọn

Orí Kẹrin

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tó ń ṣẹ́ po sínú èkù ara rẹ̀, tí a lè kì bọ àpò ṣòkòtò láìsí àkọ̀. Ní ìlú Ẹdẹ, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun la fi ń họ ọsàn lẹ́bàá títì ní Akọ̀dà. Òun ni àgbẹ̀ fi ń gé okùn ẹnu àpò, tó sì fi ń bẹ iṣu tó fẹ́ sun lóko. Àwọn tó ń ṣe ìlù ń fi rẹ́ awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi ń bo ojú dùndún, nínú ìlú tí Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ti jọba láti 1946 títí di 1975.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọ̀bẹ yìí máa ń béèrè nǹkan méjì: irin wo ni, ṣé yóò sì pẹ́ kó tó kújú? Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun ni a kì í sì í sábà béèrè: kí ni màá fi pọ́n ọn? Ohun tí orí yìí fẹ́ fi yé yín kò ju gbólóhùn kan lọ. Pípọ́n ló ń sọ bí ọ̀bẹ yóò ti mú tó, irin ló ń sọ bí mímú náà yóò ti pẹ́ tó, iṣẹ́ tí ẹ ń fi í ṣe ló sì ń sọ irin tó yẹ yín. Ọ̀bẹ olówó ńlá tí a kò mọ̀ ọ́n pọ́n kò lè bá ọ̀bẹ pọ́ọ́kú tí a pọ́n dáadáa dọ́gba lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun mẹ́rin tí irin fi ń yàtọ̀ síra

Irin lásán kò lè di ọ̀bẹ. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó le nígbà tí a bá fi iná sí i tí a sì rì í bọ omi tàbí epo. Rọ́ọ̀dù tí a fi ń kọ́lé kò ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ láìṣẹ́. Irú irin bẹ́ẹ̀, irin ìkọ́lé, ni wọ́n torí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Jos àti Katsina. Irin tó dára fún òpó àti dẹ́kìn ilé ni. Ẹni tó bá fi rọ ọ̀bẹ yóò máa pọ́n ọn láràárọ̀.

Tí kábọ́ọ̀nù bá ti tó, nǹkan mẹ́rin ló kù tí a fi ń yẹ irin ọ̀bẹ wò.

*Líle.* Irin tó le kì í tètè tẹ̀ lẹ́nu. Òṣùwọ̀n tí àwọn aṣọ̀bẹ ń lò fún un ni Rockwell, tí Hugh Rockwell àti Stanley Rockwell gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1919. Tí ẹ bá rí HRC 56 tàbí HRC 60 lára páálí ọ̀bẹ, líle rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àpò tó dára wà láàárín 55 àti 62. Àdá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ má baà bù nígbà tó bá kan òkúta lóko.

*Àìtètè bù.* Bí irin bá ṣe ń le sí i ló ń sún mọ́ kí ẹnu rẹ̀ máa bù. Ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi kan eegun kò gbọdọ̀ le jù.

*Àìtètè jẹ.* Nínú irin kan, àwọn wóró kéékèèké wà tó le ju irin tó yí wọn ká lọ. Ibi tí kábọ́ọ̀nù ti so pọ̀ mọ́ kirómíọ̀mù tàbí fanádíọ̀mù ni wọ́n ti ń wá. Irú wóró bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ tètè jẹ. Àwọn kan náà ni kì í jẹ́ kí òkúta ìpọ́nbẹ tètè rí i jẹ.

*Àìdípáàrà.* Kirómíọ̀mù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley yọ́ irin kan tí kirómíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì rí i pé kò dípáàrà bí irin yòókù. Láti ìgbà náà ni ọ̀bẹ tí a ń kọ “stainless” sí lára ti gbòde.

Kò sí irin tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kíkún. Ohun tí ẹ bá fi kún ọ̀kan, ara òmíràn lẹ ti máa yọ ọ́. Ẹni tó bá ní irin òun le jù lọ, kì í bù, kì í jẹ, kì í dípáàrà, ó sì rọrùn láti pọ́n, ọjà ló ń tà.

Irin tí ẹ máa bá pàdé

*Irin kábọ́ọ̀nù.* Ọ̀bẹ Okapi wà nínú ìsọ̀rí yìí. Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1902 fún ọjà àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é ní South Africa. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 0.55%. Opinel ti ilẹ̀ Faransé, tí Joseph Opinel dá sílẹ̀ ní 1890, ní oríṣi méjì: èyí tí wọ́n fi irin kábọ́ọ̀nù ṣe, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sún mọ́ 0.9%, àti èyí tí kì í dípáàrà. Irin kábọ́ọ̀nù rọrùn láti pọ́n ju gbogbo irin yòókù lọ. Ó máa ń mú gan-an, òkúta èyíkéyìí ló sì lè jẹ ẹ́. Àléébù rẹ̀ ni omi. Tí ẹ bá fi í họ ọsàn tí ẹ kò nù ún, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti dúdú. Dúdú yẹn kò burú, ó tilẹ̀ ń dáàbò bo irin díẹ̀. Ìpáàrà pupa ló ń jẹ ẹnu ọ̀bẹ.

*Irin tí kì í dípáàrà, tó rọ̀.* Ọ̀bẹ pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà wá ló pọ̀ níbí. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka orúkọ irin wọn, ó rọrùn. Nínú 3Cr13, 3 àkọ́kọ́ ń sọ pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.3%, 13 sì ń sọ pé kirómíọ̀mù rẹ̀ tó nǹkan bí 13%. Kábọ́ọ̀nù yẹn kéré fún ọ̀bẹ. Nínú 8Cr13MoV, kábọ́ọ̀nù ti tó 0.8%, ìyẹn ti di ọ̀bẹ gidi. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọ̀bẹ méjì tí owó wọn sún mọ́ra, ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́. Tí wọn kò bá kọ ju “stainless” lọ sí ara rẹ̀, ẹ kà á sí irin tó rọ̀. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kò sọ nǹkan kan, nítorí gbogbo irin ọ̀bẹ tó ṣeé mú le ló ń lẹ̀ mọ́ ọn.

*Irin àárín.* Ọ̀bẹ Victorinox wà níbí. Karl Elsener ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ibach ní ilẹ̀ Switzerland ní 1884, ọ̀bẹ oníṣẹ́ púpọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sì jáde ní 1897. Líle ojú ńlá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí HRC 56. Kì í ṣe irin tó le jù láyé, wọn kò sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìmọ̀: wọ́n fẹ́ kí ẹni tó wà lóko tàbí lórí òkè lè fi òkúta kékeré mú un padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oríṣi Opinel tí kì í dípáàrà, tí wọ́n ń fi irin 12C27 ti Sweden ṣe, àti 8Cr13MoV wà nítòsí rẹ̀. VG-10 ti Japan, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1%, tí kirómíọ̀mù rẹ̀ sì tó 15%, ló lé díẹ̀ sí wọn.

*Irin olówó ńlá.* Irú èyí ni àwọn ọmọ wa máa ń rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Nínú wọn ni S30V, tó jáde ní 2001, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 1.45%, tí fanádíọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ 4%. Ẹnu rẹ̀ ń pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n wóró fanádíọ̀mù inú rẹ̀ le ju òkúta ìpọ́nbẹ lásán lọ, òkúta náà yóò kàn máa rìn lórí rẹ̀ ni. Dáyámọ́ńdì ló ń jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ. D2 náà ń pẹ́ lẹ́nu. Kirómíọ̀mù rẹ̀ tó nǹkan bí 12%, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti bá kábọ́ọ̀nù lọ sínú wóró, ìdí nìyẹn tó fi lè dípáàrà bí a bá fi sílẹ̀ ní tútù. Tí wọ́n bá fún yín ní irú ọ̀bẹ wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi pátákó dáyámọ́ńdì kékeré kan tì í. Láìsí i, ọ̀bẹ náà yóò mú fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì ní í mú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́

Èyí kì í ṣe ọ̀nà àbùjá. Alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ lè rọ ọ̀bẹ tó ju ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà lọ, nítorí irin tó ń lò sábà máa ń dára. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó rí pẹlẹbẹ sábà máa ń jẹ́ 5160 tàbí irin tó sún mọ́ ọn, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní nǹkan bí 0.6%. Kì í tètè bù rárá, ìdí nìyẹn tó fi dára fún àdá àti ọ̀bẹ ẹran. Irin bẹ́ríǹgì sábà máa ń jẹ́ 52100, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó 1%, mímú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ ju ti sípíríǹgì lọ. Sípíríǹgì rọrùn láti rọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dunjú ló lè rọ bẹ́ríǹgì.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bá alágbẹ̀dẹ sọ kó tó fi iná sí irin.

Èkíní, ẹ béèrè irin tó fẹ́ lò. Tó bá jẹ́ rọ́ọ̀dù, ẹ má gbà.

Èkejì, ẹ béèrè ìgbà tó máa rì í bọ epo. Irin kábọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò ti ní í fà á mọ́, ìyẹn nǹkan bí dígírì 770 ní ìwọ̀n Celsius, kí a tó rì í bọ epo. Bí kò bá gbóná tó, kò ní í le. Bó bá gbóná jù, tó ń funfun, yóò máa ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Epo ló dára fún sípíríǹgì àti bẹ́ríǹgì, nítorí omi lè mú kí wọ́n sán.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní kó dá a padà síbi iná díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tutù. Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ epo le jù, ó sì lè ṣẹ́ bíi gíláàsì. A ó nu ojú rẹ̀ kó dán, a ó sì mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi koríko gbígbẹ, ìyẹn nǹkan bí dígírì 200. Tí àwọ̀ bá ti di búlúù, ó ti sún mọ́ 300, irin náà sì ti rọ̀ jù fún ọ̀bẹ kékeré.

Nígbà tó bá parí, ẹ fi etí fáìlì tuntun ha ìdí ojú ọ̀bẹ náà, nítòsí èkù. Bí fáìlì bá yọ̀, ó le. Bó bá jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ igi, kò le, kó dá a padà sínú iná. Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fún ọ̀bẹ ọjà náà, bí ẹni tó ń tà á bá gbà.

Ohun tó ń ba ojú ọ̀bẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wa

Ìlú Sheffield ni CATRA wà, ilé ìwádìí tí ó ti ń dán ọ̀bẹ wò láti 1952. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ISO 8442-5, ní kí ọ̀bẹ máa gé káàdì onípépà léraléra kí a lè mọ ìgbà tí yóò kújú. Kí iṣẹ́ náà lè yá, wọ́n ń po yanrìn lẹ́búlẹ́bú tó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ pépà yẹn. Yanrìn le ju irin ọ̀bẹ lọ.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tàbí iṣu. Ilẹ̀ tó wà lára èèpo wọn kún fún yanrìn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń jẹ ẹnu rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe gààrí, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò fọ̀, ń ṣe ìdánwò Sheffield láràárọ̀. Bó bá fi omi fọ ẹ̀gẹ́ náà kó tó bẹ ẹ́, ọ̀bẹ pọ́ọ́kú rẹ̀ lè pẹ́ ju ọ̀bẹ olówó ńlá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ eléruku lọ. Kò sí irin tí ẹ lè rà tó lérè bí omi yẹn.

Yàtọ̀ sí yanrìn, ọ̀tá mẹ́ta ló kù. Èkíní ni omi kíkan: ọsàn, tòmátì, omi ẹ̀gẹ́. Èyí ń jẹ ẹnu irin kábọ́ọ̀nù ní ìwọ̀nba tí ojú kò rí, kí ìpáàrà tó yọ. Èkejì ni ohun líle tí a ń gbé nǹkan lé lórí láti gé e: àwo tánganran, àwo irin, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Pátákó ni kí ẹ lò. Ẹ̀kẹta ni fífi ọ̀bẹ yọ nǹkan, bí ìdérí agolo àti ìṣó. Ọ̀bẹ kì í kújú nítorí pé ó gé ohun tí wọ́n dá a fún. Ohun tí wọn kò dá a fún ló ń mú un kújú.

Igun ẹnu ọ̀bẹ

Ẹnu ọ̀bẹ ni ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjì ti pàdé. Igun tí ẹ bá fi pọ́n ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí ọ̀bẹ yóò ti wọlé tó. Larrin Thomas, onímọ̀ irin ní Amẹ́ríkà, tó kọ ìwé Knife Engineering ní 2020, fi ìdánwò hàn pé igun yìí lè fún ọ̀bẹ ní ìyàtọ̀ tó pọ̀ ju ìyàtọ̀ láàárín irin kan àti irin mìíràn lọ. Bí igun bá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gé fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé bí ẹnu gan-an bá tilẹ̀ ti jẹ díẹ̀, èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ṣì tín-ínrín. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún irin tó rọ̀, yóò tẹ̀. Fún irin tó le jù, yóò bù.

Ẹ lo ìwọ̀n wọ̀nyí fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

- Dígírì 12 sí 15: ọ̀bẹ tó ń họ ọsàn, tó ń rẹ́ awọ, tó ń gbẹ́ igi rírọ̀, tí kì í kan eegun.
- Dígírì 15 sí 18: ọ̀bẹ àpò tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́.
- Dígírì 20: ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ rọ̀, bíi 3Cr13, tàbí tó ń bó awọ ẹran tó sì ń kan egungun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
- Dígírì 25: àdá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ dígírì 15 láìsí ẹ̀rọ? Ẹ wọn fífẹ̀ ojú ọ̀bẹ láti ẹnu dé ẹ̀yìn. Ẹ pín in sí mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè kúrò lórí òkúta. Bí ojú ọ̀bẹ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni dígírì 20. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ lè gbé síwájú ojú, ẹ ká igun pépà sí mẹ́ta ọgbọọgba, ìyẹn fún yín ní 30. Ẹ ká èyí náà sí méjì, ó di 15. Ẹ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kí ojú yín lè mọ́ ọn.

Tí ẹ bá ti yan igun, ẹ má yí i padà láàárín iṣẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló ń jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ rí roboto.

Ohun tí a fi ń pọ́n ọn

Òkúta tó ní ojú méjì, ọ̀kan tó rí ṣákiṣàki, èkejì tó kúnná, wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́, kò sì wọ́n. Ó tó fún irin kábọ́ọ̀nù, fún ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ àti fún irin àárín.

Bí owó kò bá sí, ẹ lọ bá àwọn tó ń kun ọkọ̀, kí ẹ ra pépà oníyanrìn tí wọ́n ń fi omi lò: nọ́ńbà 400, 800 àti 1200. Ẹ fi omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́jú. Kò ní í pẹ́ kó tó jẹ tán, ṣùgbọ́n yóò ṣe iṣẹ́ tí òkúta olówó ńlá ń ṣe. Ẹ fa ọ̀bẹ sẹ́yìn nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kó má baà gé pépà.

Ìdí kọ́ọ̀pù tánganran tí a kò fi ohun dídán bò náà wúlò fún ìtúnṣe kékeré. Ó le, ó sì kúnná.

Ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ooru rẹ̀ lè sọ ẹnu ọ̀bẹ di búlúù. Irin tó bá ti búlúù lẹ́nu ti rọ̀, kò sí pípọ́n tó lè dá líle rẹ̀ padà. Àfi kí a lọ ibẹ̀ kúrò tàbí kí alágbẹ̀dẹ tún fi iná sí i. Bí ẹ bá gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ láti yọ ibi tó bù, ẹ máa rì í bọ omi kó tó gbóná mọ́ yín lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń pọ́n ọn

1. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọ̀bẹ. Ẹ rẹ òkúta sínú omi bó bá jẹ́ irú èyí tó ń mu omi. Ẹ fi aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà yẹ̀.

2. Ẹ fi máákà dúdú kun ẹnu ọ̀bẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ lórí òkúta, ẹ wo ibi tí àwọ̀ náà ti kúrò. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló ti kúrò, igun yín kéré jù. Bó bá jẹ́ ṣónṣó ẹnu nìkan, ó pọ̀ jù.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú òkúta tó rí ṣákiṣàki. Ẹ fi ìka méjì tẹ ojú ọ̀bẹ díẹ̀, kí ẹ máa tì í lọ láti ìdí dé orí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣe.

4. Ẹ má kúrò ní ẹ̀gbẹ́ yẹn àfi ìgbà tí fọ́nrán irin tín-ínrín bá ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì láti ìdí títí dé orí. Ẹ fi ìka fà láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ sí ẹnu, ẹ kò gbọdọ̀ fà á ní gígùn ẹnu. Ibi tó bá ń kọ́ ìka yín díẹ̀ ni fọ́nrán wà. Bí fọ́nrán kò bá yọ, òkúta yín kò tíì dé ẹnu ọ̀bẹ gan-an. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dáwọ́ dúró kí iṣẹ́ tó parí, tí wọ́n á sì máa bú irin.

5. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì títí fọ́nrán yóò fi padà wá sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́.

6. Ẹ lọ sórí ojú òkúta tó kúnná. Ẹ rọra ṣe é, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa dín agbára ọwọ́ kù títí yóò fi jẹ́ ìwúwo ọ̀bẹ nìkan ló kù.

7. Ẹ mú fọ́nrán kúrò. Ẹ fi díẹ̀ nínú Brasso, ohun tí a fi ń nu irin kó dán, kun ẹ̀yìn bẹ́líìtì aláwọ, kí ẹ sì máa fa ọ̀bẹ lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣáájú. Ní 2004, John Verhoeven, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Iowa State University, yẹ ẹnu ọ̀bẹ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó rí i pé awọ lásán kò ṣe púpọ̀. Awọ tí a fi lẹ́búlẹ́bú tó ń jẹ irin sí ló ń mú fọ́nrán kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọ̀bẹ dáadáa kó tó kan oúnjẹ.

8. Ẹ dán an wò lára ìwé ìròyìn tí ẹ fi ọwọ́ kan gbé sókè. Ó gbọ́dọ̀ gé e láti ìdí dé orí láìfà á ya. Ibi tó bá ti kọ́ pépà ni fọ́nrán ṣì wà tàbí tí ẹnu ti bù.

Ọ̀bẹ tí fọ́nrán ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ máa ń tan ni jẹ. Ó ń mú bí abẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fọ́nrán yẹn á tẹ̀, ọ̀bẹ á sì kú lójijì. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀bẹ òun kì í pẹ́ mú, kó kọ́kọ́ wo ìgbésẹ̀ keje kó tó ra òmíràn.

Ẹnu ṣákiṣàki tàbí ẹnu dídán?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń fẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ dán bíi dígí. Òkúta tó rí ṣákiṣàki ń fi eyín kéékèèké sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ. Eyín wọ̀nyẹn ń di ohun tó ń yọ̀ tàbí tó ní fọ́nrán mú bí a bá fa ọ̀bẹ: okùn, ẹran tútù, èèpo tòmátì, awọ ẹran. Fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ dúró lórí pépà 400, kí ẹ mú fọ́nrán kúrò lórí awọ, ó parí. Ó ń pẹ́ ju ẹnu dídán lọ lórí okùn àti ẹran.

Ẹni tó ń gbẹ́ igi tàbí tó ń rẹ́ awọ ìlù ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ń ti ọ̀bẹ síwájú ni, kì í fà á. Kí òun dé pépà 1200 kó sì lo awọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnu dídán kì í fa awọ ya, igi sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́sàn náà nílò ẹnu dídán bó bá fẹ́ kí èèpo ọsàn jáde ní ọ̀já kan láìjẹ́ pé ó gé funfun inú rẹ̀.

Nígbà Iléyá, ọ̀bẹ àpò kò tóbi tó láti fi dú àgbò. Ọ̀bẹ gígùn ló ń ṣe ìyẹn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì pàṣẹ pé kí a pọ́n ọn dáadáa, kí ẹran má baà jìyà, kí a má sì pọ́n ọn lójú ẹran. Ọ̀bẹ àpò wúlò lẹ́yìn náà fún bíbó awọ. Ẹ pọ́n ọn ní dígírì 20 lórí òkúta tó rí ṣákiṣàki lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìtọ́jú

Ẹ nu ọ̀bẹ gbẹ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po. Omi tó bá wọ inú èkù kì í tètè jáde. Lákòókò òjò, ẹ fi àdí tàbí òróró díẹ̀ kun ojú irin kábọ́ọ̀nù, kí ẹ sì kán ẹyọ kan sí ibi tó ti ń ṣẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ kábọ́ọ̀nù sínú àkọ̀ aláwọ tó tutù fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n àkọ̀ tútù náà ń ba ọ̀bẹ jẹ́.

Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀bẹ bá kú pátápátá. Fífi awọ nù ún lẹ́yìn iṣẹ́ ń jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó tún nílò òkúta, irin yín kò sì ní í tètè tán. Ọ̀bẹ tó mú ń gé ibi tí ẹ fẹ́. Èyí tó kújú ń béèrè agbára, bó bá sì yọ̀, ọwọ́ ló ń gé.

Ẹ má gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú nínú àpò tàbí ẹrù ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ gbà kí ènìyàn gbé ọ̀bẹ tó ń ṣẹ́ po, tí kì í tì pa nígbà tí a bá ṣí i, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 7.62 lọ. Èyí tó bá ń tì pa tàbí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó tọ́ fún gbígbé e káàkiri.

Èyí tí a bá ní kí ẹ rà

Fún àgbẹ̀ àti ẹni tó wà níta lójoojúmọ́: irin àárín tí kì í dípáàrà, ní nǹkan bí HRC 56 sí 58, ní dígírì 18. Fún oníṣẹ́ awọ àti oníṣẹ́ igi: irin kábọ́ọ̀nù tó sún mọ́ 0.9%, tàbí ọ̀bẹ bẹ́ríǹgì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n rọ, ní dígírì 15. Fún ilé ìdáná àti ibi gààrí: ọ̀bẹ pọ́ọ́kú tó dára, omi tí a fi fọ ẹ̀gẹ́, àti òkúta tí a ń lò léraléra. S30V àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹni tó bá ti ní dáyámọ́ńdì nílé nìkan.

Bí owó yín bá tó ọ̀bẹ kan tàbí tó ọ̀bẹ pọ́ọ́kú àti òkúta, ẹ ra ọ̀bẹ pọ́ọ́kú àti òkúta. Kí ẹ sì kọ́ ọmọ kan nínú ilé bí a ṣe ń pọ́n ọn, kí ìmọ̀ náà má baà dópin lọ́wọ́ yín.